Bọ́tìnì Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Ogun Tó Bí I

Ojú ìwé sẹ́tíńgì áńtífáírọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà ilé kún fún bọ́tìnì tí wọ́n ń tàn tí wọ́n sì ń pa. Ọ̀kan wà fún ìṣọ́ ìgbà gbogbo, ọ̀kan fún ímeèlì, ọ̀kan fún fúláàṣì, ọ̀kan fún fódà tí onílé kò fẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn. Ọ̀kan tún wà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó má jẹ́ kí wọ́n pa àwọn yòókù lọ. Wọn kò dé lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí ọlọ́gbọ́n kan tó jókòó tó to gbogbo wọn jọ. Ìkọlù ni yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ènìyàn yóò bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni bọ́tìnì tuntun yóò yọjú. Ẹni tó bá mọ ogun tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí wọ́n bá pa á.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní ìkà nínú. Ní 1971, Bob Thomas, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ BBN ní Amẹ́ríkà, kọ sọ́fítíwíà kékeré kan tí wọ́n pè ní Creeper. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú òmíràn lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sójú ẹ̀rọ tó bá dé. Ray Tomlinson, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ímeèlì, ló kọ Reaper tó ń lépa Creeper káàkiri tó sì ń pa á rẹ́. Baba ńlá áńtífáírọ́ọ̀sì ni Reaper, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́tíńgì kankan, nítorí ọ̀tá kan ṣoṣo ló mọ̀. Ní 1982, Rich Skrenta, ọmọ ọdún 15 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kọ Elk Cloner fún ẹ̀rọ Apple II. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbé, ó ń kó ran dísíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tí wọ́n bá fi sínú ẹ̀rọ náà, bí wọ́n bá sì ti fi dísíkẹ́ẹ̀tì náà tan ẹ̀rọ nígbà àádọ́ta, ewì kékeré kan á yọ lójú rẹ̀. Eré ọmọdé ni, àmọ́ ó fi hàn pé kọ̀ǹpútà inú ilé, tí kò so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, lè kó àrùn.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìmọ̀ ni Fred Cohen. Ní oṣù Kọkànlá 1983, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Southern California, ó fi hàn pé sọ́fítíwíà tó lè da ara rẹ̀ kọ sínú sọ́fítíwíà mìíràn lè gba gbogbo àṣẹ orí ẹ̀rọ ńlá kí wákàtí kan tó pé. Olùkọ́ rẹ̀, Leonard Adleman, ló dámọ̀ràn kí wọ́n pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ Cohen ni ẹ̀rí tó mú wá lẹ́yìn náà pé kò sí áńtífáírọ́ọ̀sì tó lè dá gbogbo fáírọ́ọ̀sì mọ̀ láìṣe àṣìṣe. Ẹ̀rí náà kò le. Ká ní irú adájọ́ aláìṣìṣe bẹ́ẹ̀ wà, ẹnìkan lè kọ sọ́fítíwíà tí yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni mí?" Bí adájọ́ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, sọ́fítíwíà náà á jókòó jẹ́ẹ́, bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Èyíkéyìí tí adájọ́ bá sọ, ó ti ṣì í. Nítorí náà, àṣìṣe méjì ni áńtífáírọ́ọ̀sì kò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn: kó jẹ́ kí olè wọlé, tàbí kó mú aláìṣẹ̀. Gbogbo sẹ́tíńgì tó ti dé láti ìgbà náà, yíyàn láàárín méjèèjì ni.

Ní 1986 ni àrùn náà dé inú ẹ̀rọ IBM PC àti àwọn ẹ̀rọ tó jọ ọ́. Basit àti Amjad Farooq Alvi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń ta sọ́fítíwíà ní ìlú Lahore ní Pakistan, ló kọ Brain. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ọjà àwọn láìsanwó ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù wọn sínú rẹ̀. Brain kò lẹ̀ mọ́ fáìlì. Ibi tí ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ kà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá tàn án ló fara pamọ́ sí, tó fi jẹ́ pé kí onílé tó jí, àlejò ti jókòó sí pálọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń pe ṣọ́ọ̀bù náà láti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá gba àwọn.

Sẹ́tíńgì ìdáàbòbò àkọ́kọ́ tí onílé ní kò sí lójú ẹ̀rọ rárá. Ara dísíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Dísíkẹ́ẹ̀tì oní-íńṣì 5.25 ní ibi gígé kékeré kan létí. Bí wọ́n bá lẹ bébà mọ́ ibẹ̀, ẹ̀rọ lè kà á, kò sì ní lè kọ nǹkan sí i. Oní-íńṣì 3.5 tó tẹ̀lé e ní ike kékeré tí èékánná lè tì síwá-sẹ́yìn. Fáírọ́ọ̀sì kò lè wọ dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tì báyìí, kò sì sí ọgbọ́n tí ó lè dá sí i, nítorí ẹ̀rọ tó ń ka dísíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀. Nínú gbogbo ìdáàbòbò tí ìtàn yìí kàn, òun ló rọrùn jù, òun náà ló dájú jù. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ jù lọ fúláàṣì tó rọ́pò dísíkẹ́ẹ̀tì kò ní i.

Láàárín 1987 sí 1991 ni òwò áńtífáírọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. John McAfee dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní California ní 1987. Lọ́dún kan náà ní Czechoslovakia, Peter Paško àti Miroslav Trnka kọ NOD, orúkọ tí wọ́n gé kúrú láti inú gbólóhùn Slovak tó túmọ̀ sí ilé ìwòsàn létí dísíkì. Eré tẹlifíṣọ̀n kan nípa ilé ìwòsàn létí ìlú, tí tilé-toko ń wò níbẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣeré. Ní Prague, ní 1988, Pavel Baudiš rí fáírọ́ọ̀sì Vienna, ó sì kọ ohun tí yóò mú un kúrò. Ohun tó kọ náà ló padà di Avast. Ní Moscow, ní 1989, Eugene Kaspersky rí Cascade lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó ń mú kí lẹ́tà máa já bọ́ lójú ẹ̀rọ bí ewé tó ń wọ́. Norton AntiVirus wọ ọjà ẹ̀rọ PC ní 1991.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jọra. Oníṣẹ́ yóò gba fáírọ́ọ̀sì kan, yóò wá ìlà kóòdù tí kò sí níbòmíràn nínú rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì ìdánimọ̀. Nígbà tí onílé bá tẹ àṣẹ, áńtífáírọ́ọ̀sì á máa ka fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi wọ́n wé àmì tó mọ̀. Sẹ́tíńgì kò ju lẹ́tà mélòó kan tí wọ́n ń fi kún àṣẹ náà lọ: dísíkì wo ni kó wò, ṣé kó wọ fódà tó wà nínú fódà, ṣé kó tún èyí tó bàjẹ́ ṣe àbí kó kàn sọ fún onílé. Àmì tuntun ń dé nínú dísíkẹ́ẹ̀tì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé wá. Fáírọ́ọ̀sì tó bá jáde ní ọjọ́ kejì tí dísíkẹ́ẹ̀tì náà dé ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní dá a mọ̀.

Àléébù ọ̀nà yìí hàn kíákíá. Ọdẹ tí wọ́n ránṣẹ́ pè lẹ́yìn tí olè ti lọ kò lè dá ẹrù padà. Oníbodè ni wọ́n nílò, ẹni tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n oníbodè a máa jẹun. Mẹ́mórì 640 kílóbáìtì ni MS-DOS, ètò tó ń darí ẹ̀rọ PC nígbà náà, ní fún gbogbo sọ́fítíwíà, inú rẹ̀ sì ni oníbodè gbọ́dọ̀ gbé ní gbogbo ìgbà, tó fi jẹ́ pé géèmù tàbí sọ́fítíwíà ìṣirò owó lè kọ̀ láti ṣí nítorí àyè kò tó. Ọ̀pọ̀ onílé ló lé oníbodè lọ kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ń dá títí di òní, pé áńtífáírọ́ọ̀sì ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ohun tó mú kí àwọn ará ilé gbọ́ orúkọ fáírọ́ọ̀sì ní gbogbo ayé ni Michelangelo, tí wọ́n ṣètò láti ba dísíkì jẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1992. Ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n pariwo pé ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ ni yóò bàjẹ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, èyí tó bàjẹ́ kò súnmọ́ iye tí wọ́n pariwo. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, bóyá ariwo náà sì wà lára ohun tó dín in kù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra áńtífáírọ́ọ̀sì fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn.

Ní àkókò kan náà, ẹnìkan ní Bulgaria tó ń pe ara rẹ̀ ní Dark Avenger pín irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì pa àwọ̀ dà ní gbogbo ìgbà tó bá bí ọmọ. Àmì ìdánimọ̀ di aláìlágbára, nítorí kò sí ìlà kóòdù kan tó dúró lójú kan mọ́. Ìdáhùn àwọn oníṣẹ́ ni àfòyemọ̀: kí áńtífáírọ́ọ̀sì máa wo ìwà dípò ojú. Fáìlì tó bá fẹ́ kọ ara rẹ̀ sínú fáìlì mìíràn, tó sì ń fi ara pamọ́ bó ti ń ṣe é, yẹ ní ìfura, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tíì rí irú rẹ̀ rí. Láti ibẹ̀ ni sẹ́tíńgì oní-ìpele mẹ́ta ti wá, kékeré, àárín àti gíga. Ọ̀rọ̀ Cohen ló di bọ́tìnì yìí: bí onílé bá gbé ìfura sókè, yóò mú olè púpọ̀ sí i, yóò sì mú aláìṣẹ̀ mọ́ ọn.

Ní 1993, Microsoft fi áńtífáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Central Point Software sínú MS-DOS 6. VSafe ni orúkọ oníbodè inú rẹ̀. Bí onílé bá tẹ Alt àti V pọ̀, ohun mẹ́jọ á yọ lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n fi nọ́ńbà 1 dé 8 sí lára, onílé á sì tẹ nọ́ńbà èyí tó bá fẹ́ tàn tàbí pa. Èkíní ń kìlọ̀ bí nǹkan kan bá fẹ́ nu hard disk nù. Ẹ̀kẹta ń dènà gbogbo kíkọ sórí dísíkì. Ẹ̀kẹrin ń yẹ sọ́fítíwíà wò kó tó ṣí. Ìkarùn-ún àti ẹ̀kẹfà ń ṣọ́ ibi tí Brain ti kọ́ ayé láti máa sá pamọ́ sí. Èkíní, ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún àti ẹ̀kẹfà ni wọ́n tàn sílẹ̀ láti ilé-iṣẹ́; àwọn mẹ́rin yòókù wà ní pípa. Ìdí rẹ̀ yé ni, nítorí ẹni tó bá tan ẹ̀kẹta kò ní lè tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Àkójọ kékeré yìí ni òkúta ìpìlẹ̀ ojú ìwé sẹ́tíńgì òde òní: ẹni tó ṣe ọjà ti kọ́kọ́ yàn, onílé sì ní ẹ̀tọ́ láti yí i padà. Ihò ńlá kan ló wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì náà ní MS-DOS 6, kò sì pẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì bíi Tremor fi kọ́ láti pa VSafe kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Fáírọ́ọ̀sì Concept tó jáde ní 1995 yí ọ̀nà padà. Kò gbé inú sọ́fítíwíà. Inú lẹ́tà tí wọ́n fi Microsoft Word tẹ̀ ló ń gbé, nípasẹ̀ mákírò, àwọn àṣẹ kéékèèké tí Word fàyè gbà kí wọ́n kọ sínú ìwé. Títí di ìgbà náà, ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń gbà ni pé ìwé lásán kò lè ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan. Word 97 dáhùn pẹ̀lú àpótí ìkìlọ̀ tó ń bi onílé bóyá kó jẹ́ kí mákírò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 1999, fáírọ́ọ̀sì Melissa so mákírò pọ̀ mọ́ ímeèlì: bí ẹnìkan bá ṣí ìwé náà, ó ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì 50 àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì rẹ̀. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, ní 26 oṣù Kẹrin, fáírọ́ọ̀sì CIH láti Taiwan jí, ó nu dísíkì nù, ó sì ba ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn lè tàn rárá jẹ́.

Èyí tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù nípa sẹ́tíńgì ni ILOVEYOU, tó jáde láti Philippines ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2000. Orúkọ fáìlì tó so mọ́ ímeèlì náà ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Ìrù rẹ̀, vbs, ló fi hàn pé àṣẹ tó lè ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Windows ní sẹ́tíńgì kan, tó wà ní títàn láti ilé-iṣẹ́, tó ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́ kí ojú ẹ̀rọ lè mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ni TXT, wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ lásán ni, wọ́n ṣí i, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀. Sẹ́tíńgì tí wọ́n ṣe fún ẹwà ló di ilẹ̀kùn. Sẹ́tíńgì náà ṣì wà ní títàn nínú Windows títí di òní, ó sì yẹ kí gbogbo ilé pa á. Lẹ́yìn ọdún náà, ọ̀pọ̀ áńtífáírọ́ọ̀sì ilé tó gbayì ló ní bọ́tìnì fún yíyẹ ímeèlì wò.

Ìpalára tó tún tẹ̀lé e kò dúró de kí ẹnikẹ́ni ṣí fáìlì. Ní oṣù Kẹjọ 2003, Blaster gba ihò kan nínú Windows wọlé. Ẹ̀rọ tó bá ṣáà ti so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè kó o, lẹ́yìn náà á kéde pé òun yóò pa ara òun láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé Windows XP ti ní fáyáwọ́ọ̀lù, oníbodè ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, tó lè dá a dúró. Ó wà ní pípa láti ilé-iṣẹ́, ó sì jìnnà sójú onílé. Nígbà tí Microsoft gbé Service Pack 2 jáde ní oṣù Kẹjọ 2004, wọ́n tan fáyáwọ́ọ̀lù fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi ojú ìwé kan kún un tó ń kìlọ̀ bí fáyáwọ́ọ̀lù, áńtífáírọ́ọ̀sì tàbí àfikún tuntun bá wà ní pípa. Ìyípadà ńlá ni. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ààbò ló ń wá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ ló ń wá ibi tí yóò ti pa á.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, fúláàṣì ló kó àrùn ọdún wọ̀nyẹn wọlé ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ á gbé fúláàṣì lọ sí business centre, ẹ̀rọ ibẹ̀ ti gba fúláàṣì àìmọye ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó bá sì padà délé, fódà rẹ̀ ti di shortcut, fáìlì gidi ti sá pamọ́. Sẹ́tíńgì AutoRun ló ń ṣílẹ̀kùn fún irú àrùn bẹ́ẹ̀: Windows máa ń ka àṣẹ orí ohun tí wọ́n bá kì bọ inú ẹ̀rọ láìbéèrè, ìrọ̀rùn tí wọ́n ṣe nítorí CD. Conficker, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2008, gba ọ̀nà yìí náà, ó sì tún dènà ojú òpó àwọn oníáńtífáírọ́ọ̀sì kí ẹ̀rọ tó kó o má baà rí àfikún tuntun gbà. Windows 7 ti ọ̀nà AutoRun fún fúláàṣì ní 2009. Ní oṣù Kejì 2011 ni Windows XP àti Vista rí àfikún tó ṣe bẹ́ẹ̀ gbà. Láàárín àkókò yìí, yíyẹ fúláàṣì wò kó tó ṣí di bọ́tìnì tí oníkọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kọ́kọ́ ń wá. Nítorí dátà wọ́n, ọ̀pọ̀ ń gba fáìlì update lẹ́ẹ̀kan ní kàfé, wọ́n á fi fúláàṣì gbé e lọ fún ẹ̀rọ ilé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Àṣìṣe kejì tí Cohen sọ, mímú aláìṣẹ̀, ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn áńtífáírọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ kan máa ń pa fáìlì tí wọ́n bá fura sí rẹ́ ni. Nígbà tó yá, àhámọ́ rọ́pò pípa: wọ́n á gbé fáìlì náà sí ibi tí kò ti lè ṣiṣẹ́, onílé sì lè dá a padà. Ọ̀nà kejì ni àyọsílẹ̀, àkójọ fáìlì àti fódà tí áńtífáírọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ wò. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 2010, àmì ìdánimọ̀ tuntun láti McAfee, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5958, ka svchost.exe sí fáírọ́ọ̀sì. Windows XP kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fáìlì náà, ẹ̀rọ níléèwé, nílé ìwòsàn àti níbi iṣẹ́ sì ń tàn tí wọ́n ń kú lọ́jọ́ kan náà. Àyọsílẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ihò tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni. Ẹni tó fi gbogbo fódà tí ohun tó ń gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sí sínú rẹ̀, nítorí géèmù kan tí wọ́n dí lọ́wọ́, ti lé oníbodè kúrò ní ẹnu ọ̀nà tí àlejò pọ̀ sí jù lọ.

Microsoft gbé Security Essentials jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2009, nígbà tí Windows 8 sì dé ní 2012, áńtífáírọ́ọ̀sì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ lábẹ́ orúkọ Windows Defender. Bí onílé bá ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, Defender á yẹra fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé oníbodè méjì tó ń yẹ fáìlì kan náà wò lẹ́ẹ̀kan náà a máa dí ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ a sì máa wọ́ bí ìgbín.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2017, WannaCry ti fáìlì pa lórí ẹ̀rọ tó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àfikún tó dí ihò tó gbà wọlé ti jáde láti oṣù Kẹta ọdún náà. Ẹ̀rọ tí wọn kò fi í sí ló kàgbákò. Ní oṣù Kẹwàá 2017, Windows 10 gba bọ́tìnì tí kò jẹ́ kí sọ́fítíwíà tí wọn kò mọ̀ kọ nǹkan sínú fódà ìwé àti àwòrán onílé. Ó wà ní pípa láti ilé-iṣẹ́, nítorí ó máa ń dí sọ́fítíwíà aláìṣẹ̀ lọ́wọ́, onílé sì ni yóò máa fọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ìdí láti tàn án. Ní 2019 ni Tamper Protection dé, bọ́tìnì tí kì í jẹ́ kí sọ́fítíwíà mìíràn pa ìṣọ́ láti ẹ̀yìn: ihò tí fáírọ́ọ̀sì ti ń gbà pa VSafe ní ọdún 26 ṣáájú.

Ẹ̀tọ́ onílé fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ẹni tó ní VSafe lè pa á títí ayé. Nínú Windows òde òní, ẹni tó bá pa ìṣọ́ ìgbà gbogbo nínú sẹ́tíńgì yóò rí i pé ó ti tan ara rẹ̀ padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àyọsílẹ̀, ààbò fódà àti fífi fáìlì tí wọ́n fura sí ránṣẹ́ sí Microsoft fún àyẹ̀wò wà lára ohun tí ó ṣì kù sọ́wọ́ onílé láti pinnu.

Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ EICAR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1991, fi ọ̀nà kan sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá sẹ́tíńgì ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Fáìlì ìdánwò ni, lẹ́tà àti àmì 68 péré, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, tí àwọn oníáńtífáírọ́ọ̀sì sì fohùn ṣọ̀kan láti máa mú bí ẹni pé fáírọ́ọ̀sì ni. Onílé lè gbà á lójú òpó EICAR, kó sì tọ́jú rẹ̀ sínú fódà tó bá wù ú. Bí ìṣọ́ bá wà ní títàn, fáìlì náà kò ní pẹ́ níbẹ̀ kó tó dèrò àhámọ́. Bó bá jókòó síbẹ̀, oníbodè ti sùn, tàbí ẹnìkan ti kọ orúkọ fódà náà sínú àyọsílẹ̀.